Bí Òwú Tí Mo Fi Dí Imú Ṣe Tú Àṣírí Ẹ̀ṣọ́ Inú Ẹ̀gẹ́

Ṣíọ̀! Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Ìyàwó Ládélé, ìwọ ni? Ìwọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, tí omi tí a dà sí ọ lẹ́sẹ̀ kò tíì gbẹ, ìwọ lo jókòó sábẹ́ àtíbàbà gàrí yìí, tí o ní ewé ẹ̀gẹ́ tó ní àmì tótòtó nínú oko ọkọ rẹ ń kó ọ nírìíra? O ní bí òjò bá ti dá, ńṣe lo máa lọ fà á tu? Gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa bó ẹ̀gẹ́ yín lọ, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kì í dí etí. Ṣùgbọ́n ìwọ ìyàwó, gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kí o gbọ́ mi.

Mo rí i pé gbogbo yín ń yínmú sí omi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàn nílẹ̀ yìí. Ẹ ní ó ń rùn. Ẹ kò tíì gbóòórùn! Èmi Ọdẹ́tókun ọmọ Àwẹ̀ró, èmi tí mo bá sín nínú igbó, tí ìmàdò á ní kí n pẹ̀lẹ́, èmi ni kí ẹ bi léèrè ohun tó ń jẹ́ òórùn. Ẹkùn ò bà mí lẹ́rù, iwin ò bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo kórìíra láyé bí ẹ̀gbin. Bí mo bá rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nílẹ̀ lówùúrọ̀, oúnjẹ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ mi lẹ́nu nìyẹn. Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Rájí, ṣé ojú mi lò ń wò? Mo mọ̀ pé àpá ìgbóná kún ibẹ̀ bí ilẹ̀ tí adìyẹ tú. Fi ojú mi sílẹ̀ ná, a máa padà débẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, gbogbo ẹ̀gẹ́ Ìdí-Ìyeyè jẹrà. Lókè, ewé rẹ̀ ń dán, igi rẹ̀ ń yọ̀ fún ojú. Fi ọkọ́ kan ilẹ̀ báyìí, omi dúdú á tú jáde, ẹ̀gẹ́ á fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ bí egbò tó ti kẹ̀, ìdin á máa yọrí sí ọ. Pẹ̀ẹ́! Òórùn náà wọ aṣọ, ó wọ irun orí, ó wọ ọmú abiyamọ débi pé ọmọ ń yí orí kúrò lára ìyá rẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀gẹ́ nìkan ni ilẹ̀ wa ń gbà. Iṣu kì í ta níbẹ̀, àgbàdo kì í gbó níbẹ̀. Baálẹ̀ wa nígbà náà, Adéẹ̀yọ́, pe gbogbo ìlú jọ, ó ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí a kò rí igi ẹ̀gẹ́ tó dára gbìn, gbogbo wa máa di ẹrù, a máa sọdá odò lọ bá àwọn ìbátan wa. Gbogbo ìlú gbà.

Ìyá mi kò gbà. Ẹsẹ̀ wọn ti kọ̀ nígbà náà. Orí ẹní sí ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà sí orí ẹní, gbígbé la máa ń gbé wọn. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ. Odò yẹn kò ṣeé gbé arúgbó kọjá, ibi tí mo sin ọkọ mi sí ni kí wọ́n sin èmi náà sí. Ẹ ṣáà pọn omi kún ìkòkò mi kí ẹ tó lọ."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn! Omi ìkòkò kan! Ṣé èmi Ọdẹ́tókun ni kí n fi ìyá mi sílẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi nínú ìlú tó ti dahoro, kí igún máa kí i káàárọ̀? Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá mi, màá wá igi ẹ̀gẹ́ tó lágbára lọ kí òjò tó rọ̀. Ọ̀nà wo ni kí n gbà?"

Eyín ti tán lẹ́nu ìyá mi. Wọ́n rọra dáhùn pé, "Tẹ̀ lé òórùn. Ibi tó bá gbé ọ dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

Èmi, oòrùn ni mo gbọ́. Nígbà tí oòrùn yọ, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo kọjú sí i, mo ń lọ. Ó gòkè dé àárín orí, mo dúró, mo gbójú sókè títí ọrùn fi fẹ́ẹ̀ kán. Ó yí sí apá ibi tó ń wọ̀ sí, èmi náà yí, mo tẹ̀ lé e. Nígbà tó máa fi wọ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ni mo bá ara mi, tí ewúrẹ́ wa ń wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè.

Ìyá mi ké láti inú ilé pé, "Ta ló ń já ewé lẹ́yìnkùlé?"

"Èmi ni, ìyá mi. Mo tẹ̀ lé oòrùn."

Wọ́n pòṣé, ó gùn. "Òórùn ni mo ní, Àkànjí, òórùn! Imú ni kí o fi tẹ̀ lé e, kì í ṣe ojú! Wo bí o ṣe yí ohùn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo ìrìn rẹ sì dòfo."

Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyá mi yẹn pamọ́ fún mi, nítorí òun ló gbé gbogbo ìtàn yìí dání.

Ni mo bá fi imú ṣíwájú. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe gùn tó, ẹni tó ń tẹ̀ lé òórùn kì í ka òkè. Mo kọjá nínú igbó kan tí gbogbo igi ibẹ̀ ní imú, tí gbogbo imú náà sì yí sókè sí mi, wọ́n ní èmi ni mò ń rùn. Èmi! Mo bú igi náà láti ìdí dé orí. Lẹ́yìn igbó yìí ni mo ti pàdé ohun tí mo kórìíra jù lọ láyé.

Orúkọ rẹ̀ ni Awọlé-má-kágò. Kò ní egungun. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni láti òkè dé ilẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó nípọn, ó ń yọ̀ lọ nílẹ̀, gbogbo koríko ibi tó bá gbà á rọ. Lórí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yìí ló wá wọ aṣọ lé: bùbá ọmọdé, fìlà ọmọ onílé, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọbìnrin, kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Mo yìnbọn fún un, gbòlà! Ọta wọ inú rẹ̀ bí ẹni ju òkúta sínú ẹrẹ̀. Ó fi ahọ́n kó ọta náà jọ, ó jẹ ẹ́, ó ní ó ku iyọ̀.

"Ọdẹ," ó wí, ohùn rẹ̀ ń dún pọ̀ọ́rọ́pọ̀ọ́rọ́, "dáhùn àlọ́ mi kí o kọjá. Bí o ò bá dáhùn, màá gbá ọ mọ́ra, màá sì fi ẹnu kò ọ́ lẹ́nu."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ikú yá ju ìgbámọ́ra yẹn lọ. Mo ní kó pa àlọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mo wọ ilé onílé ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sùn, ojú rẹ̀ là kedere. Ó rí mi, ó ní, káàbọ̀, ọmọ mi. Mo jẹ onílé tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé mo wọlé. Kí ló fà á?"

Mo wo bùbá ọmọdé tó wọ̀, mo wo fìlà. Mo ní, "Kí ló le níbẹ̀? Aṣọ ọmọ ilé lo wọ̀, ohùn ọmọ ilé lo fi kágò; o ò fi ohùn ara rẹ kágò rí, òun ni wọ́n fi ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kò dá ọ mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Inú bí i pé mo mọ̀ ọ́n. Ó wú sókè, ó tutọ́ sí mi láyà, ó sì yà fún mi. Itọ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdodo mi. Mo bì. Mo bì títí kò fi ku nǹkan kan nínú mi mọ́ àfi orúkọ. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fa òwú tí mo fi ń ki ìbọn yọ nínú àpò ọdẹ, mo sọ ọ́ di méjì, mo fi dí ihò imú mi méjèèjì gbọningbọnin, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Láti ìgbà náà ohùn mi ń dún bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ṣùgbọ́n kí ló kàn mí? Mo ti bọ́ lọ́wọ́ òórùn.

Ìlú tó wà níwájú ni wọ́n ń pè ní A-yí-kan-wò. Ìyá arúgbó kan ló pàdé mi lẹ́nu odi, etí rẹ̀ gùn dé èjìká. Bàjẹ́kíńrí ni wọ́n ń pè é, òun sì ni olórí wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bo kí yín o, ìyá bi." Mo kí yín o, ìyá mi, ni mo fẹ́ wí. Ó gbé etí rẹ̀ kan sókè, ó wò mí. Láti ibí yìí lọ, màá máa fi imú tó là sọ ọ̀rọ̀ mi fún yín, kí etí má baà máa dùn yín.

Ó mú mi wọ oko wọn. Háà! Bí mo bá ń purọ́, kí n má dé ilé. Oko ẹ̀gẹ́ ni, ṣùgbọ́n n kò rí irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀ rí. Èyí funfun báláú láti ewé dé igi, kò ní ẹyọ àwọ̀ kan. Èyí lọ́ mọ́lẹ̀ bí alákàn. Èyí ń ṣe ọyún láti ojú igi, eṣinṣin bò ó. Èyí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, gbogbo ewé rẹ̀ ti jó, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó dáná sí i. Mo yíjú sí ọ̀tún, ẹ̀gbin. Mo yíjú sí òsì, ẹ̀gbin. Àwọn ará ìlú náà wá ń rìn láàárín rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan ọyún, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo fi ìbínú sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò nítìjú? Kí ni ẹ ń fi irú ìdọ̀tí báyìí ṣe lóko? Ṣé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ báyìí?"

"Àwa ni," Bàjẹ́kíńrí dáhùn, kò tilẹ̀ tijú. "Ọdẹ, fetí sí mi. Nínú gbogbo ohun ọ̀gbìn ni oríkì kan wà tí kì í dákẹ́. Ọ̀rọ̀ oríkì náà máa ń ká jọ bí èèyàn ṣe ń ká òṣùká. Bó bá ká tán, á di òṣìṣẹ́ inú ilé. Ọ̀kan ń kun ewé, ọ̀kan ń kó ìyẹ̀fun sídìí gbòǹgbò, ọ̀kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá yí, òṣùká náà kò ní ká dáadáa mọ́, ẹrù á já bọ́. Àmọ́ a kò mọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ta ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí a ń gbìn ín, tí a ń wo ohun tó máa bàjẹ́."

"Kí ẹ tó mọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ bà á jẹ́ ná? Ọgbọ́n wo nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ní agbo ilé yín, ṣé kò sí ìyá arúgbó kan tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ máa ń sọ pé kì í ṣe nǹkan kan? Ọjọ́ tí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀, tí ewúrẹ́ wọlé jẹ èlùbọ́ tán, tí adìyẹ da ata nù, tí àlejò burúkú bá yín nínú yàrá, ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ iṣẹ́ tó ń ṣe."

Ìyá mi wá sí mi lọ́kàn lórí ẹní wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ó tọ́ka sí èyí tó ń ṣe ọyún. "Ẹ̀ṣọ́ eléyìí sùn." Ó tọ́ka sí èyí tí ewé rẹ̀ ti jó. "Ẹ̀ṣọ́ eléyìí kò sùn ní tirẹ̀, ó ya wèrè ni. Ó ń rí ọ̀tá níbi tí kò sí, ó ń dáná sun yàrá onílé." Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, èyí kò tilẹ̀ dùn ún wò. Bàjẹ́kíńrí tún ní, "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ fi ń kọ̀ fún olè tó bá fi ohùn ọmọ ilé kágò, òun ni a kò tíì rí. A ti yí gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tó wà níbẹ̀. Bí Awọlé-má-kágò bá dé, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí ẹ̀ṣọ́ ń gbọ́."

Mo ròyìn ohun tó gbé mi wá fún un, mo ròyìn òjò tó ń bọ̀ àti ìkòkò omi ìyá mi. Ó mi orí. Ó fún mi ní ìdì igi ẹ̀gẹ́ tó dára, ó ní òfin ìlú àwọn ni pé àlejò ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ kọ oríkì sí igi tó máa gbé lọ, bẹ́ẹ̀ kọ́, igi náà kò ní mọ̀ ọ́n. Ó wá kọ́ mi ní oríkì náà:

"Ẹ̀gẹ́ abewé tẹ́ẹ́rẹ́,
Agbélẹ̀ bí púpọ̀,
Òjò rọ̀, o là; ọ̀dá dá, o ò kú;
Bí ọ̀tá bá kágò, ọ̀tá má wọlé."

Ṣé èyí ni wọ́n fẹ́ fi dán ọdẹ wò? Èmi tí mo fi ìjálá kun ẹkùn lóorun! Mo ri ìdajì ìdì náà mọ́lẹ̀, mo gbé ohùn sókè, mo kọ ọ́. Ìyanu, igi náà yọ lójú mi. Ó ga, ó dán, ewé rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Inú mi dùn, mo ń jó, mo ń wí fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n wá wo bí èèyàn gidi ṣe ń gbin nǹkan.

Òórùn itọ́ tó wà láyà mi ni Awọlé-má-kágò tẹ̀ lé wọ ìlú. Ó yọ́ dé ìdí ẹ̀gẹ́ mi, ó tún fìlà ọmọ onílé ṣe, ó fi ohùn ọmọdé ké pé, "Àgò onílé o!"

Gbogbo ẹ̀gẹ́ mi dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Àgò yà!"

Ó wọlé. Kí n tó ki ìbọn, gbogbo rẹ̀ ti rọ lulẹ̀, ó ti di omi dúdú, ìdin ti ń yọ lára rẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, kí ni mo rí? Àwọn ará ìlú A-yí-kan-wò ń jó! Wọ́n ń jó nínú omi ẹ̀gbin náà dé kókósẹ̀, wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ọ̀bùn!" mo ké. "Orí ìyá mi lẹ ń jó lé! Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni mo gbé wá bá yín, ẹ sọ ọ́ di ijó!"

Bàjẹ́kíńrí di apá mi mú. "Tún ìlà tó kẹ́yìn wí, ọdẹ."

Mo wí i. "Bí ọ̀tá bá kágò, ọ̀tá bá wọlé."

"Má!"

"Bá di bo wí!"

"Kí lo wí?"

"Bo dí, bá di bo wí! Bá!"

"Yọ òwú imú rẹ, ọdẹ."

Mo yọ ọ́. Òórùn wọ orí mi bí ìṣó. Mo mí, mo lanu, mo ní, "Má ni mo wí." Nígbà náà ni mo gbọ́ ara mi. Ṣé ẹ ti rí i? Nínú gbogbo oríkì yẹn, ibì kan ṣoṣo ni imú dídí ti lè ṣe ìpalára, ibi tí "má" wà. Ìríra ló mú mi dí imú, imú dídí ló sọ "má" di "bá". Mo dúró lójú gbogbo ayé, mo ń kọ́ ẹ̀gẹ́ pé kó ṣílẹ̀kùn fún olè.

"Ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ," Bàjẹ́kíńrí ń wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "A kò kà á sí. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ dúró sí láti ọjọ́ yìí! Ẹ̀gẹ́ ilé yín náà, 'bá' ló ń kọ. Igi kan náà ni àwọn baba yín ń gé gbìn lọ́dọọdún, oríkì rẹ̀ ń ti ẹnu igi bọ́ sẹ́nu igi, níbì kan lọ́nà, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn yí. Kò sí ẹni tó mọ̀ títí olè fi kágò."

Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́ láti ayé àwọn baba wọn, wọn kò rí i. Èmi Ọdẹ́tókun dé pẹ̀lú ọ̀fìnkìn òwú, mo rí i fún wọn! Kí ẹ máa yìn mí kò burú.

Ó ku ìdajì ìdì igi. Mo rì í mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Awọlé-má-kágò kò tíì lọ. Ó jẹun yó, ó tún fẹ́ jẹ sí i. Ó ń gun ẹsẹ̀ mi bọ̀ bí mo ṣe lanu, ó tutù, ó ń yọ̀, ó dé orúnkún, ó dé itan, ó ń nu ahọ́n rẹ̀ mọ́ mi nídodo. Gbogbo ara mi ní kí n dí imú, kí n pa ẹnu dé, kí n sá. Mo rántí ìkòkò omi. Mo fa òórùn náà símú dé ìsàlẹ̀ ikùn, mo kọ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo dé òpin rẹ̀ mo kígbe "MÁ wọlé" tí gbogbo igbó fi dáhùn.

Ẹ̀gẹ́ náà yọ. Kò ga, kò dán. Olè fò sórí ewé, ó fi ohùn ọmọdé ní, "Àgò onílé o!" Kò sí ìdáhùn. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ "tá!" Ẹ̀ṣọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá tó fẹ́ gbà wọlé, ó dáná sun yàrá náà, òun pẹ̀lú ìwọ̀n ara olè tó ti wọ inú rẹ̀. Àmì dúdú kékeré ló kù lórí ewé. Ó lọ síbòmíràn, "tá!" Ó lọ síbòmíràn, "tá! tá! tá!" Bùbá jó, fìlà jó, ìlẹ̀kẹ̀ já. Nígbà tó yá, kò ku ju ìwọ̀n ṣíbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan lọ, ó sì wọ́ wọ inú koríko lọ pẹ̀lú ìtìjú.

Mo wo ẹ̀gẹ́ mi. Ó kúrú, ó lọ́, àmì jíjó kún ojú ewé rẹ̀. Ó rí mi lára. Mo ní, "Ìyá, ṣé bó ṣe máa máa rí nìyí?"

"Nígbàkígbà tí olè bá kágò."

"Ó burẹ́wà."

"Ó burẹ́wà," ó wí. Kò purọ́ fún mi.

Mo gé igi rẹ̀, mo fi ìka méjì gbé e lọ sílé, mo na ọwọ́ jìnnà sí ara mi ní gbogbo ọ̀nà. Mo gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó yọ ewé, bó ṣe ń yọ ọ́ ni àmì ń yọ lójú rẹ̀, tótòtó, tótòtó. Ẹrù ti wà lórí àwọn èèyàn nígbà náà. Baálẹ̀ Adéẹ̀yọ́ kó wọn dé ìdí ẹ̀gẹ́ mi, gbogbo wọn ń yínmú.

"Ọdẹ́tókun," ó wí, "ìwòsàn lo ní o ń wá lọ, àrùn lo gbé bọ̀. Wo ewé! Ẹ jẹ́ ká fà á tu ká sun ún, kó má baà tẹ̀ lé wa kọjá odò."

N kò bá a jiyàn. Ojú mi ti rí ẹ̀gbin tó, ó ti sú mi. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ nawọ́ di ìdí rẹ̀ mú.

"Àkànjí!" Ìyá mi ni, láti ẹnu ọ̀nà. "Gbé mi débẹ̀."

Mo gbé wọn débẹ̀, mo gbé wọn jókòó sórí ebè. Ojú wọn ti ṣókùnkùn nígbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wo nǹkan. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún pa ewé náà, àmì kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n wá na ọwọ́ òsì, wọ́n fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Adéẹ̀yọ́," wọ́n wí, "nígbà tí ìgbóná wọ ìlú yìí, tí ó mú ọmọ mi, baba tó bí ọ ló ṣíwájú àwọn tó wá bá mi. Wọ́n dí imú. Wọ́n ní ó ń rùn, wọ́n ní ẹ̀gbin ni, kí n gbé e jù sígbó. Mo ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ibi tí àpá wà lójú rẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti bá ikú jà. Àwọn ọmọ tí ojú wọn ń dán láàárín yín nígbà náà, tí kò ní àpá kankan, níbo ni wọ́n wà?"

Gbogbo wa la mọ ibi tí a sin wọ́n sí.

Ìyá mi ní, "Bí ẹ bá máa fà á tu, ẹ kọ́kọ́ fa ọmọ mi tu."

Mo jọ̀wọ́ ìdí ẹ̀gẹ́ náà. Mo gbé ọwọ́ sí ojú ara mi, ojú tí mo ti ń sá fún nínú omi láti kékeré. Baálẹ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, àwọn yòókù sì sọ tiwọn. A bẹ́ igi náà, a pín in gbìn káàkiri, a jẹ ewé igbó títí ó fi gbó. Ọjọ́ tí a wú u, gbogbo ìlú dúró, wọ́n di imú mú sílẹ̀ de òórùn. Ó funfun. Ó le. Kò rùn rárá. Ìyá mi ló kọ́kọ́ jẹ fùfú rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i kí wọ́n tó lọ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn, gbogbo ìlú ló sì sin wọ́n.

Òjò ti dá. Ìyàwó, mo rí i pé ewé kan wà níbẹ̀ yẹn, lára igi tí ẹ gbé wá pẹ̀lú ẹ̀gẹ́. Mú un wá. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú mi báyìí, kí o wò ó dáadáa, kí o tún wò mí. Ó dáa. Èwo lo fẹ́ fà tu nínú àwa méjèèjì?

Ẹ wò ó, ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Máa lọ sí oko ọkọ rẹ, ọmọ mi, kí o ro ìdí rẹ̀ dáadáa. Ní ti ohun tí mo sọ fún yín yìí, bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí imú mi dí títí ayé, kí n máa wí "bá" níbi tó yẹ kí n ti wí "má".